Orúkọ Tí Ìbídùn Kì í Pè

Ọkọ̀ pupa tó wà níwájú Ìbídùn kò dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú un wá ti pè é títí. Ó pè é jẹ́jẹ́, ó fi ìbínú pè é, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àwàdà ni wọ́n jọ ń ṣe, àmọ́ ọkọ̀ náà dákẹ́. Iná tó wà lórí Olùbéèrè, òpó irin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kúrò ní àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ ìyeyè, ó sì pọ́n. Kí ọmọkùnrin náà tó sọ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ ti dì í lápá mú.

Apá irin kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òrùlé ọkọ̀ náà bí àgbà tó fẹ́ súre fún ọmọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kò pẹ́ rárá. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ọkọ̀ pupa tó ti yadi látàárọ̀ la ẹnu.

"Ẹ káàsán o," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni mí?"

Wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wà, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sì sí èyí tó mọ ilé tó ti wá mọ́ nínú wọn. Ìbídùn fi ọwọ́ kan ọkọ̀ dúdú tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó gbàdúrà sínú pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun rí irú èyí.

"Ìyáàfin, ẹ̀yin ló kàn."

Ọ̀gbẹ́ni Fátókí ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni akọ̀wé Gbéedé, ilé-iṣẹ́ tó ń kó ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí òkè Ọya. Àgbàlagbà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, orógbó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì ní irú ojú tí ẹni tó ti gbọ́ gbogbo irọ́ ayé tán máa ń ní.

"Ibo ló ń lọ?"

"Ṣókótó, sà. Ilé ìwòsàn ojú tó wà níbẹ̀ ló máa gbà á."

"Kò sí ènìyàn nínú ẹ̀? Kò sí adìẹ, kò sí ewúrẹ́? Ẹnì kan gbé ìyá ẹ̀ pamọ́ sí ìdí ọkọ̀ láìpẹ́ yìí. Ó ní ìyá òun fẹ́ kí àbúrò ẹ̀ ní Kọntagórà."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ jáde."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́ran ara ò gbọdọ̀ gba ojú títì gígùn mọ́. Agbérù kì í dúró fún ẹni tó bá fẹ́ tọ̀."

Agbérù náà wà níwájú wọn, ó gùn ju àdúgbò kan lọ, kò lójú, kò ní fèrèsé, ẹnu rẹ̀ nìkan ló là sílẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gòkè wọ inú rẹ̀. Fátókí yí ọkọ̀ dúdú náà po, ó ń fi dígí kékeré ya àwòrán gbogbo ibi tó bá ha. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Èyí ńkọ́?"

"Ọkọ mi ló fi kẹ̀kẹ́ gbá a nígbà tó wà lọ́mọdé."

"Ẹ tẹ ìka yín síbí pé kì í ṣe àwa la ha á. Àwọn tó ń gba ọkọ̀ lọ́hùn-ún fẹ́ràn ẹjọ́." Ó nàró, ó di ìbàdí mú. "Bátìrì?"

"Díẹ̀ ló kù níbẹ̀, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é."

"Ẹ tètè dé, ẹ ṣeun. Agbérù ìkẹyìn nìyí. Omi ti ń gun afárá Jẹ́bà. Bí èyí bá ti kọjá, ó di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró pátápátá."

Ìbídùn mọ̀. Ohun tó lé e jáde nílé láìjẹun nìyẹn. Oyèkànmí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní oko oòrùn ní Ṣókótó, níbi tí wọ́n ti ń fi dígí ńláńlá kó iná láti ojú ọ̀run, dígí kan ló yẹ̀ lọ́jọ́ burúkú èṣù gbomi mu, iná rẹ̀ sì gba ojú ọkùnrin náà lọ. Àwọn dókítà ní àwọn lè so ọpọlọ ẹ̀rọ mọ́ iṣan ojú rẹ̀, kí ó máa ríran fún un, bí iṣan náà kò bá tíì gbẹ. Tí òjò bá fi máa dáwọ́ dúró, á ti gbẹ. Àjèjì ọpọlọ kò sì lè ṣe é. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀, orí rẹ̀ ló ń dà rú. Ọpọlọ tó mọ̀ ọ́n láti kékeré, tó mọ ohun tí ojú rẹ̀ máa ń wá bó bá wọ yàrá, òun ni wọ́n ń fẹ́. Ní gbogbo ilé ayé, ẹyọ kan ló wà, èyí tó wà nínú ọkọ̀ dúdú náà. Òun ló gbé Oyèkànmí láti ilé ìgbẹ̀bí wá sílé, òun ló gbé e lọ sí ilé-ìwé, òun náà ló gbé ìyàwó wá fún un.

Lánàá, ọkọ rẹ̀ pè é. "Ìbídùn," ó ní, "ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ yín?" Ọ̀sán gangan ni. Ìbídùn ní ó ti mọ́, ó pa ìpè náà, ó jókòó sórí àkéte, ó sunkún débi pé orí ń fọ́ ọ.

Fátókí gbé ìdè ọrùn ọwọ́ Ìbídùn, tó ní àkọsílẹ̀ ilé wọn nínú, sójú dígí rẹ̀, ó ń kà á. "Akínrìndé. Agboolé Jagun. Ará ilé keje. Wọ́n ka ọkọ̀ yìí mọ́ yín nínú ìkànìyàn nìyẹn?"

"Bàbá ọkọ mi ló ní kí wọ́n kà á. Òfin ò tíì sọ ọ́ di dandan nígbà tí bàbá ti kà á."

"Bàbá gbọ́n. Ṣé ẹ ti sọ fún un ibi tó ń lọ, àti ohun tó ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Mo ti sọ fún un."

Irọ́ funfun báláú ni. Ohun tí Ìbídùn sọ fún ọkọ̀ náà láàárọ̀ ni pé Bàbá Ìrètí, ìyẹn Oyèkànmí, ní kí ó wá gbé òun níbi iṣẹ́. Kò sọ pé Bàbá Ìrètí ti fọ́jú. Kò sì sọ èyí tó burú jù, pé bí ó bá dé Ṣókótó, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á yọ ọpọlọ rẹ̀ bí ẹni yọ ẹyin lábẹ́ adìẹ, wọ́n á sì ta ìyókù fún àwọn alágbẹ̀dẹ. Kò ní ní ẹsẹ̀ mọ́. Kò ní yí táyà lójú ọ̀nà kankan mọ́ títí ayé. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ irú ìyẹn fún ọkọ̀? Tí ó bá sì ní òun ò lọ ńkọ́? Òfin ti fún un lágbára láti kọ̀. Ìbídùn rò ó títí, ó wá gbà pé ohun tí ọkọ̀ kò bá mọ̀ kò ní dùn ún.

"Ó dáa," ni Fátókí wí. "Ẹ bọ́ sórí irin yìí, ẹ dúró sójú kan. Ẹni tó bá fi orí irin sílẹ̀ kí ìbéèrè tó parí, ó ti jẹ́bi nìyẹn, èmi ò sì lè ṣe nǹkan kan sí i."

Ìbídùn bọ́ sórí irin náà. Ó gbóná lábẹ́ bàtà rẹ̀. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti pa ohùn àti etí ọkọ̀ náà. Olùbéèrè nìkan ló lè jí i, ó sì jí i báyìí. Gíláàsì iwájú ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá lajú lójú oorun ọ̀sán.

"Ta ní mú ọkọ̀ yìí wá?" ni Olùbéèrè bi í, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Èmi ni. Ìbídùn, ìyàwó ilé."

"Pe orúkọ rẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti délé ọkọ, kò pe orúkọ yìí rí. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní ọjọ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, tí àwọn obìnrin ilé ń fi àwọn ọkọ rẹ̀ hàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá ọkọ rẹ̀ nawọ́ sí ọkọ̀ dúdú tó gbé e dé. "Èyí náà, ọkọ ẹ ni o," ni bàbá wí. "Ó ti wà nílé yìí kí o tó dé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bàbá kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, Ìbídùn sì kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó sọ ọ́ ní Adúmáadán nítorí bí ara rẹ̀ ṣe ń dán. Orúkọ tó ń pè é nìyẹn láti ìgbà náà. Ẹ̀yin ló fi ń kí i, kì í ṣe ìwọ.

Ṣùgbọ́n Adúmáadán kò sí nínú ìwé Olùbéèrè. Ìbídùn kọjú sí ọkọ̀ náà.

"Akínrìndé," ó wí.

Ẹnu rẹ̀ kọrò bí ẹni tó bú àgbà. Ọkọ̀ náà kò dáhùn. Iná orí òpó ṣì wà ní àwọ̀ ewé.

"Ẹ pariwo díẹ̀ sí i," ni Fátókí wí. "Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí, etí wọn kì í tètè là."

"Akínrìndé," ni Ìbídùn tún pè, ó gbé ohùn sókè. "Èmi ni."

"Mo gbọ́," ni ọkọ̀ náà dáhùn. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó fara jọ ti àgbẹ̀ tó ti re oko dé. "Àmọ́ mi ò mọ ẹni yìí."

Iná di àwọ̀ ìyeyè. Ìbídùn rò pé etí òun ló ń ṣe òun bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ọkọ mi, èmi Ìbídùn ni."

"Ohùn ìyàwó ilé wa ni," ni ọkọ̀ náà ń sọ lọ, kì í ṣe Ìbídùn ló ń bá sọ̀rọ̀, Olùbéèrè ni. "Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wa kì í pè mí lórúkọ. Bàbá kìlọ̀ fún mi kó tó kú. Ó ní bí mo bá gbọ́ ohùn èyíkéyìí nínú àwọn ìyàwó ilé tó pe orúkọ mi gan-an, kí n mọ̀ pé olè ló fi ẹnu àyálò sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Ta ni kò mọ ẹnu àyálò? Ohun kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀fun ni, tí ọkùnrin á fi máa fọhùn bí obìnrin, tí àjèjì á fi máa sọ̀rọ̀ bí onílé. Òun ni wọ́n fi jí ọkọ̀ kó títí ìjọba fi gbé Olùbéèrè kalẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé olè lè yá ohùn, olè sì lè wo orúkọ nínú ìwé. Ohun tí olè kò ní mọ̀ ni pé ìyàwó ilé yìí ka ọkọ̀ náà sí ọkọ, kì í sì í pè é lórúkọ. Ibẹ̀ ni bàbá fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sí, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iná pọ́n. Apá irin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Fátókí, ẹ jọ̀wọ́," ni Ìbídùn wí. "Orúkọ mìíràn ni mo máa ń pè é. Ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀."

"Ẹ má dán an wò." Orógbó ti dúró lẹ́nu Fátókí. "Orúkọ tí kò sí nínú ìwé, ẹ̀rí olè ni lójú Olùbéèrè. Ẹ dúró sórí irin yẹn, ìyáàfin. Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ẹ lè lọ ro ẹjọ́ yín nílé ẹjọ́."

Tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ẹjọ́ wo ló kù? Apá irin ti dé agbedeméjì. Ìbídùn rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó là sílẹ̀, ó rí àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì fojú inú rí Oyèkànmí tó ń fọwọ́ tá ògiri lọ sí ibi tí yóò ti tọ̀, ọkùnrin tó máa ń fi eré sísá gun àtẹ̀gùn. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó wo irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Olùbéèrè fọn fèrè. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yí padà. Ìbídùn kò wo ẹ̀yìn. Ó lọ sí ìhà òsì, sí iwájú ọkọ̀ dúdú náà, níbi tó máa ń lọ lójoojúmọ́ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbóná, ó fa etí ìró rẹ̀, ó nu eruku kúrò lójú iná ọkọ̀ náà bó ṣe máa ń nù ún.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọkọ mi," ó wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo fi ẹnu mi pè yín lórúkọ. Mo ṣe àṣìṣe, ẹ̀rù ló bà mí. Adúmáadán mi, ẹ dá mi lóhùn."

Ẹ̀ṣọ́ kan ti gbá a léjìká mú. Ẹ̀rọ inú ọkọ̀ náà hó díẹ̀.

"Ìyàwó," ni ọkọ̀ náà wí. "Dìde nílẹ̀. Ilẹ̀ yẹn gbóná. Kí ló dé tí o fi pariwo orúkọ mọ́ mi bí ọlọ́pàá?"

Ìbídùn tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ojú iná ọkọ̀ náà.

"Fi í sílẹ̀," ni Fátókí sọ fún ẹ̀ṣọ́, kíákíá. "Apá kì í fọ ọkọ̀ tó bá ń bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀. Fi í sílẹ̀, mo ní."

Lóòótọ́, apá irin ti dúró lókè, ó kù díẹ̀ kó kan òrùlé. Iná ṣì pọ́n.

"Ṣé ará ilé ni?" ni Olùbéèrè bi ọkọ̀ náà.

"Ìyàwó ilé wa ni. Bàbá sọ pé ohùn ṣeé yá, ìkúnlẹ̀ ò ṣeé yá."

"Ṣé o gbà láti bá ẹrù lọ sí Ṣókótó?"

"Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè kan ná." Ọkọ̀ náà rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹbí ṣe ń ṣe bí àlejò bá wà nítòsí. "Ìyàwó, o ní kí n lọ gbé Oyèkànmí níbi iṣẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi kọ ilé ìwòsàn sí ìwé ẹrù mi?"

Irọ́ náà wà lẹ́nu Ìbídùn. Ó ti mọ bí yóò ṣe pa á, pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ni ibi iṣẹ́ wà. Iná á di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ á gòkè, ọ̀rọ̀ á parí. Àmọ́ ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wà lójú iná rẹ̀, kò rí ibi tí yóò ti gbé irọ́ kejì gbà.

"Ó ti fọ́jú," ó wí. "Iná dígí ló gbà á. Wọ́n fẹ́ kí ẹ jẹ́ ojú fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n máa tú yín. Ọpọlọ yín nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ ò ní rìn mọ́, ọkọ mi. Mi ò sọ fún yín nítorí mo bẹ̀rù pé ẹ lè kọ̀. Tí ẹ bá sì kọ̀, mi ò ní bá yín jà."

Fátókí wo ilẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà gan-an yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nígbà tó wà ní kékeré," ni ọkọ̀ náà wí, "ó máa ń bẹ̀rù òkùnkùn. Tí iná ilé bá lọ, á yọ́ jáde, á wá jókòó sínú mi. Kò ní sọ nǹkan kan. Mo máa tan iná iwájú mi fún un títí oorun á fi gbé e lọ. Bàbá á máa bínú láàárọ̀ pé bátìrì mi ti tán, mi ò sì sọ ìdí ẹ̀ fún un rí. Ṣé inú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ náà ló tún wà báyìí?"

"Inú ẹ̀ ló wà," ni Ìbídùn wí, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Olùbéèrè, gbọ́ mi. Èmi Akínrìndé, mo gbà."

Iná kúrò ní pupa, ó dúró sí àwọ̀ ìyeyè. Kò kọjá bẹ́ẹ̀.

"Ará ilé kò tíì pe orúkọ ọkọ̀ lọ́nà tó tọ́," ni Olùbéèrè wí. "Ìyàwó ti fi orí irin sílẹ̀, kò lè tún pè é. A kò lè parí ìbéèrè." Apá irin tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ìbídùn gbójú sókè wo Fátókí. Kò bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà tu orógbó sọ́wọ́, ó wo dígí rẹ̀, ó tún un wò, ó sì rìn lọ sí ìdí òpó náà.

"Olùbéèrè," ó wí, "ka ìwé agboolé Jagun fún mi. Ta ni ará ilé keje?"

"Akínrìndé ni ará ilé keje."

"Ta ló pe orúkọ Akínrìndé gbẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà yìí?"

"Akínrìndé ló pè é."

"Ará ilé ti pè é nìyẹn. Kí ló tún kù?"

Kò sí ohun tó kù. Iná di àwọ̀ ewé. Apá irin kó ara rẹ̀ padà sókè, ẹ̀ṣọ́ sì na ọwọ́ sí Ìbídùn, ó fà á dìde. Orúnkún rẹ̀ ti bó.

"Lọ fi nǹkan sí orúnkún ẹ, ìyàwó," ni ọkọ̀ náà wí, ó sì ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. "Sọ fún Ìrètí pé mo kí i. Mi ò ráyè dágbére fún un."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni Ìbídùn wí. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀, orúnkún tó bó náà ò jẹ́, ó wá tẹrí ba.

Adúmáadán gun ọ̀nà irin tó wọ inú agbérù lọ, táyà rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́, ní ìgbà ìkẹyìn tí wọn yóò yí. Oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo ibùdó náà ń jó bí ààrò. Nígbà tó dé ẹnu agbérù, ó tan iná iwájú rẹ̀ méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ náà sì wọ inú ọ̀hún lọ ṣáájú rẹ̀.

Fátókí mi orí. "Ìyáàfin, ẹ bá mi sọ fún un kó pa iná yẹn. Ọ̀sán la wà, bátìrì tí mo rí lójú ẹ̀ ò sì tó nǹkan kan."

Ìbídùn fi etí ìró nu ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa tan án, sà," ó wí. "Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ bá."